Bí mo ṣe yọ "àpọ́n" kúrò nínú ìwé PR Kánádà mi

Nígbà tí mo fi ìwé PR Kánádà (àṣẹ láti máa gbé ibẹ̀ títí lọ) ránṣẹ́ nípasẹ̀ Express Entry, ètò tí wọ́n ti ń fi máàkì yan èèyàn, àpọ́n ni mí lóòótọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, a ṣe ìdána n'Íbàdàn. Mo sọ lọ́kàn mi pé, ṣebí a ò tíì lọ sí kóòtù, kí ló kan àwọn òṣìṣẹ́ ìwọ̀lú Kánádà? Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Ìgbéyàwó ìbílẹ̀, ìgbéyàwó ni lójú òfin wa. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lójú tiwọn.

Ohun tó já mi láyà ni pé, ìyàwó tí o kò bá dárúkọ, tí wọn ò sì yẹ̀ wò kí o tó di PR, o lè má rí i pè wá mọ́, kódà bí kò bá ní í bá ọ lọ tẹ́lẹ̀.

Mo kọ́kọ́ tún máàkì mi kà. Ẹni ọdún 29 tó jẹ́ àpọ́n ń gba 110 fún ọjọ́ orí. Tó bá ní ìyàwó, 100. Dìgírì àkọ́kọ́ wálẹ̀ láti 120 sí 112. Ọpẹ́lọpẹ́ máàkì tí ìwé ẹ̀rí ìyàwó mi àti IELTS (ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì) rẹ̀ mú wá, mi ò já sábẹ́ iye tí wọ́n fẹ́.

Mo wá gba orí webform (fọ́ọ̀mù orí ayélujára) wọn, mo kọ déètì ìdána, mo so fọ́tò àti ìwé ìbúra tí bàbá ìyàwó mi ṣe ní kóòtù mọ́ ọn. (Nínú fọ́tò àkọ́kọ́, gèlè rẹ̀ bo ojú mi pátá. Mo wá òmíràn.) Wọ́n ní kí ìyàwó mi kún IMM 5406, fọ́ọ̀mù nípa ẹbí, kó lọ ṣàyẹ̀wò ara, kó gba ìwé ọlọ́pàá. Àwa méjèèjì la jọ gba PR.