Kòkòrò inú ìfun àti ara sísan: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ojoojúmọ́ ni mo ń mu yọ́gọ́ọ̀tì torí wọ́n ní kòkòrò rere inú rẹ̀ (bakitéríà tí ojú lásán ò lè rí, kì í ṣe aràn) ń dín sísanra kù. Kí ló dé tí òṣùwọ̀n ò kúrò lójú kan?

Ìdáhùn: Ẹ ka ara ike rẹ̀ ná. Bí ṣúgà bá wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ, ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí ó bá jẹ́ síbí tíì mẹ́fà ni ṣúgà náà, ìyẹn tó gíráàmù 24, bíi kálórì 96. Kòkòrò inú ìfun yín ò sì ní bá yín jẹ ẹ́: ìfun kékeré á ti fà á mu kó tó dé ìfun ńlá tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé. Àlejò sì ni kòkòrò inú yọ́gọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá dẹ́kun mímu un, kì í pẹ́ tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń bá ìgbẹ́ lọ. Èyí tí kò ní ṣúgà ni kí ẹ mu, ẹ má sì retí pé òun nìkan á fa ikùn wọlé.

Ìbéèrè: Nùnú, mílíìkì kíkan àwọn Fúlàní, àti wàrà Ìpàtà ńkọ́?

Ìdáhùn: Nùnú tí wọn ò se mílíìkì rẹ̀ lè kó ikọ́ ẹ̀gbẹ àti àrùn brucella ranni. Ẹ se mílíìkì títí á fi hó, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ débi tí ìka lè dúró nínú rẹ̀, ẹ po síbí ìjẹun méjì yọ́gọ́ọ̀tì tí kòkòrò rẹ̀ ṣì wà láàyè mọ́ lítà kan, ẹ dé e síbi tó móoru fún wákàtí 6 sí 8. Wàrà ní tirẹ̀ ti hó lórí iná; purotéènì ni ẹ ń rí níbẹ̀, kì í ṣe kòkòrò. Bí ẹ bá sì dín in, ẹ ka epo mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Kí wá ni kòkòrò ìfun ń jẹ gan-an?

Ìdáhùn: Ohun tí ara wa ò lè dà ni, èyí tí wọ́n ń pè ní fáíbà. Wọ́n ń sọ ọ́ di àwọn ásíìdì kéékèèké: ọ̀kan nínú wọn, butyrate, ni oúnjẹ awọ ìfun ńlá, àwọn yòókù ń ran ìfun lọ́wọ́ láti ránṣẹ́ sí ọpọlọ pé a ti yó. Nígbà tí a bá sẹ́ ògì, èèrí tí a ń dà fún àgùntàn gan-an ni kòkòrò wa ń wá! Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà jẹ ó kéré tán gíráàmù 25 fáíbà lójúmọ́. Ẹ̀wà tó jinná, gíráàmù 100, ní bíi 6 sí 7. Ìrẹsì funfun tó ṣe déédéé rẹ̀ kò tó 1. Ẹ fi ilá, ẹ̀fọ́ àti tùwó ọkà bàbà tí wọn ò bó èèpo rẹ̀ kún un. Ànàmọ́ Ọ̀fà, ẹ sè é tèèpo-tèèpo, kí ẹ jẹ́ kó tutù: díẹ̀ nínú sítáàṣì rẹ̀ á le, á sì bọ́ sọ́wọ́ kòkòrò.

Ìbéèrè: Mo jẹ ẹ̀wà gan-an fún ọjọ́ mẹ́ta. Ikùn mi le bí ìlù, mo sì fi kílò kan wúwo sí i.

Ìdáhùn: Ẹ yára jù ni. Ẹ̀wà ní àwọn ṣúgà kan tí ìfun kékeré ò lè fọ́; kòkòrò ló ń jẹ wọ́n, wọ́n sì ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí 8 sí 12, ẹ da omi náà nù, omi tuntun ni kí ẹ fi sè é. Síbí ìjẹun mẹ́ta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ẹ máa fi méjì kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì máa mu omi dáadáa. Ní ti kílò yẹn, omi àti ìgbẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Kílò ọ̀rá kan ń fẹ́ nǹkan bíi kálórì 7,700 lé lórí ohun tí ara ń lò. Ẹ̀wà ọjọ́ mẹ́ta ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí ẹ máa wọn ara yín, láàárọ̀, lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀.

Ìbéèrè: Ìkòkò kan náà ni èmi àti àbúrò mi ń jẹ, èmi nìkan ló ń sanra. Ṣé kòkòrò ni?

Ìdáhùn: Ó lè lọ́wọ́ sí i. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ní Washington University, St. Louis, mú kòkòrò inú ìgbẹ́ àwọn ìbejì tí ọ̀kan sanra tí èkejì ò sanra, wọ́n fi sínú eku tí kò ní kòkòrò kankan. Eku tó gba ti ẹni tó sanra ni ọ̀rá rẹ̀ pọ̀ jù. Wọ́n wá kó àwọn eku náà pọ̀ sínú àgò kan, kòkòrò ti ẹni tí kò sanra sì ràn mọ́ àwọn yòókù, àmọ́ ìgbà tí oúnjẹ wọn ní fáíbà púpọ̀ tí ọ̀rá rẹ̀ ò pọ̀ nìkan ni. Apá yìí ni àwọn tó ń ta kóró ìdínsanra kì í sọ. Eku sì ni; nínú ènìyàn, bí oúnjẹ ṣe pọ̀ tó, oorun, oògùn àti ìdílé wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ má sanwó fún àyẹ̀wò ìgbẹ́ tó ní òun á sọ ìdí tí ẹ fi sanra.

Ìbéèrè: Mo máa ń lo tetracycline bí inú bá ti ń yọ mí lẹ́nu.

Ìdáhùn: Ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Ó ń pa kòkòrò rere mọ́ burúkú, ó sì lè dá ìgbẹ́ gbuuru sílẹ̀. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún yín, ẹ lò ó bó ṣe wí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí ẹ ń rù láìṣe ohun tó fà á, ọsibítù ni kí ẹ lọ.