₦85,000 lórí agolo mẹ́rin: bí mo ṣe parí iṣẹ́ àṣekágbá mi nínú ìmọ̀ sinimá

₦85,000 ni mo san kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn yàrá kan fún mi nílùú kan ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Agolo fíìmù mẹ́rin ló wà níbẹ̀, mẹ́ta nínú wọn sì ti jẹrà. Ká ní mo mọ ohun tí mo mọ̀ lónìí ni, n kì bá tí san kọ́bọ̀ kí imú mi tó kan agolo náà. Ó ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí.

Eré oníṣe ni mo kà ní yunifásítì, nígbà tí a dé ọdún kẹta ni mo yan sinimá láàyò. Ìwé kan àti fíìmù kékeré kan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa kí a tó jáde. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí bí mo ṣe kọ àbá iṣẹ́, bí mo ṣe yá kámẹ́rà, bí mo ṣe kó àwọn ọ̀rẹ́ mi jọ. Gbogbo ẹni tó bá ti ka kọ́ọ̀sì yìí ló mọ ìyẹn. Àkòrí tí mo mú ni fíìmù àwọn onítíátà alárìnjò wa, láti Àjàní Ògún ti 1976 àti Aiyé tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní 1979, títí di ìgbà tí fídíò gba ọjà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi bi mí: “Èwo nínú wọn lo ti wò?” Mo ní mo ti wo mélòó kan lórí fóònù. Wọ́n ní ohun tí mo wò kì í ṣe fíìmù, pé fídíò tí ẹnìkan gbà sílẹ̀ láti orí tẹlifíṣọ̀n ni, tí wọ́n ti gé lórí, gé nísàlẹ̀, tí ojú òṣèré ti ṣú. Ó bí mi nínú lọ́jọ́ náà. Àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ: báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀wé lórí bí ẹnìkan ṣe lo ìmọ́lẹ̀ nígbà tí n kò rí ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún?

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojúlówó nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á tó fi ṣòro. Òkè òkun ni wọ́n ti ń fọ fíìmù aláwọ̀ nígbà náà, ibẹ̀ náà ni nẹ́gétíìfù púpọ̀, ìyẹn fíìmù àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀dà, sì jókòó sí. Ẹ̀dà tó wá sílé kì í pọ̀, torí ó wọ́n. Olórí ẹgbẹ́ eré á gbé ẹ̀dà náà sínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé e sójú ògiri, wọ́n á máa lọ láti ìlú dé ìlú, láti gbọ̀ngàn dé ilé ìwé, títí fíìmù náà á fi ha, tí á máa já. Ẹni tó bá sì gbé e sórí fídíò, olè ń dúró dè é. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá wa, lórí Ọ̀run Móoru ní 1982: àwọn ajíṣẹ́tà ti tà á káàkiri kí olówó tó rí owó rẹ̀ gbà padà, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ta ló máa rí ìyẹn tí kò ní gbé tirẹ̀ pamọ́ sábẹ́ ibùsùn?

Oṣù mẹ́ta ni mo lò lórí ìdílé kan tí mo rí, àwọn tó ni yàrá Ọ̀ṣun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀. Bàbá wọn ló ni fíìmù náà, Bàbá sì ti ṣaláìsí. Èyí àkọ́bí tó wà l'Ékòó ní kò sí ẹni tó máa wọ yàrá náà láìjẹ́ pé wọ́n san owó ìṣílẹ̀kùn. Mo bẹ̀ títí. Owó tí mo ti fi pamọ́ láti fi yá iná fún fíìmù tèmi ni mo fi ránṣẹ́. Ìgbà tí mo débẹ̀, àbúrò wọn obìnrin tó ń gbé ilé náà, Àǹtí, fi oúnjẹ gbà mí, wọ́n ń sọ pé àwọn ti ń retí kí ẹnìkan wá béèrè nǹkan bàbá àwọn. Wọn kò gbọ́ nípa owó kankan. Mo kàn ń wo abọ́ ọbẹ̀ ni, n kò lè sọ̀rọ̀.

Òrùlé páànù ló wà lórí yàrá náà, kò sí fèrèsé. Ìdí ṣíbí ni mo fi wọ́ ìdérí agolo àkọ́kọ́, ìpẹtà ń dà sílẹ̀ bí ẹ̀lùbọ́. Òórùn ọtí kíkan gbá mi nímú, ojú mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Ooru àti ọ̀rinrin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí irú fíìmù yẹn: ara rẹ̀ á máa tú, á máa sun omi kíkan, á sì sún kì débi tí ihò etí rẹ̀ kò ní bá eyín ẹ̀rọ mu mọ́. Ó ti ká kò bí eèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí oòrùn pa. Agolo kejì àti ìkẹta rí bákan náà. Ẹ̀kẹrin nìkan ló ṣì rọ̀. Mo fà á díẹ̀, mo gbé e sójú oòrùn: obìnrin kan wé gèlè, ó gbé igbá dání, òun kan náà nínú àwòrán kejì, òun kan náà nínú ẹ̀kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Àwọ̀ gbogbo rẹ̀ ti pọ́n bí epo pupa. Omijé bọ́ lójú mi níwájú Àǹtí.

Wàhálà ìkejì wá bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé ẹni tó bá ń yí fídíò sí kọ̀ǹpútà á lè yí èyí náà. Irọ́ ni. Ẹni àkọ́kọ́ l'Ékòó gba owó àyẹ̀wò kó tó sọ fún mi pé kásẹ́ẹ̀tì nìkan lòun ń ṣe. Ẹnì kejì dá iye lé e ní dọ́là, ẹsẹ̀ bàtà kan sí iye kan, agolo kan sì lè gba 1,200 ẹsẹ̀ bàtà. Mo fẹ́ yí àkòrí padà. Ohun tó dá mi dúró ni Shaihu Umar, fíìmù Hausa tí Adamu Halilu ṣe ní 1976, tí wọ́n ti rò pé ó sọnù, tí wọ́n rí nínú ilé ìpamọ́ fíìmù ní Jos ní 2016, tí àjọ̀dún sinimá ìlú Berlin sì fi hàn ní 2018 lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe. Bí ìyẹn bá lè jáde láti inú agolo, kí ló dé tí tèmi kò ní jáde?

Mo tan iná fóònù sábẹ́ rọ́bà funfun kan, mo gbé kámẹ́rà dúró lórí rẹ̀, mo wọ ìbọ̀wọ́ òwú, mo ń ya fíìmù náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Òru méjì ni mo fi ya 264. Ìṣẹ́jú-àáyá 11 péré ni. Mo tò wọ́n lórí kọ̀ǹpútà, mo tẹ̀ ẹ́, obìnrin náà sì gbé igbá náà sókè. Mo pariwo débi tí àwọn ará yàrá tó kù fi jí. Títí dòní, n kò tíì ṣe ohun tó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀.

Kò ní ohùn, torí ilà ohùn tó wà létí fíìmù náà ti bàjẹ́. Ni mo bá gbé e lọ bá Bàbá kan n'Ìbàdàn tó ti bá wọn gbé sinimá káàkiri láyé ìgbà yẹn. “Tún un gbé, ọmọ mi,” wọ́n ní. Nígbà ìkẹta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí obìnrin náà ń kọ, wọ́n ń fi ìka lu itan. Mo fi ohùn wọn sábẹ́ àwòrán náà. Fíìmù kékeré tèmi nìyẹn, ìṣẹ́jú 14, èmi, Bàbá àti ìṣẹ́jú-àáyá 11. Olùdánwò láti ìta béèrè pé kí ló dé tí n kò fi gbogbo rẹ̀ hàn. Mo dáhùn pé èyí ni gbogbo rẹ̀. Máàkì 71 ni mo gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ wá fíìmù náà rí kí ẹ tó kọ àbá. Ẹ má san owó fún ẹni tí kò sí nínú ilé. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń kan, ẹ má ki í bọ inú ẹ̀rọ kankan, ẹ sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó dára, torí atẹ́gùn inú rẹ̀ ń ba ìyókù jẹ́. Ẹ sì tètè wá àwọn àgbà tó gbé e rìn. Ohun tí mo kábàámọ̀ jù ni pé ìparí ni mo tó lọ bá Bàbá.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Àǹtí pè mí. Wọ́n rí agolo kan sí i lábẹ́ ibùsùn ìyá wọn, wọ́n ti fi àǹkárá wé e. Mo ní kí wọ́n má ṣí i, kí wọ́n gbé e kúrò lábẹ́ páànù. Mo ti ra agolo oníke. Ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ.