Bí ewì ọmọ inú kòtò èédú ṣe wá wọra

Ewì tí mo ń kọ fún àwọn ọmọ iléèwé kan níbí ní Abẹ́òkúta ń dún bí ìròyìn rédíò. Òótọ́ kún inú rẹ̀: òfin ọdún 1842 ní ìlú Ọba ló lé ọmọkùnrin tí kò tí ì pé ọdún 10, àti gbogbo obìnrin, kúrò nínú iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ní kòtò èédú. Síbẹ̀, kò wọra.

Mo pa òfin tì, mo mú ọmọ kan ṣoṣo: èyí tó ń jókòó sínú òkùnkùn, tó ń ṣí ilẹ̀kùn tó ń darí afẹ́fẹ́ inú kòtò kí kẹ̀kẹ́ èédú lè kọjá. Mo ní kó bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀ bí ènìyàn:

Ilẹ̀kùn, ṣé ilẹ̀ ti mọ́ lókè?
Gbì! Kẹ̀kẹ́ kọjá.
Ilẹ̀kùn, ṣé ìyá mi ti jí?
Gbì! Kẹ̀kẹ́ kọjá.

Àwítúnwí yẹn ló ṣiṣẹ́ jù. Gbogbo "ó mà ṣe o" ni mo gé dànù. Ta ni kò mọ̀? Ó wù mí kí n fi ihò abẹ́ Olúmọ ṣàfiwé, àmọ́ ibi ààbò nìyẹn fún Ẹ̀gbá nígbà ogun, kò bá a mu. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kà á, kí ẹnì kan máa béèrè, kí àwọn yòókù máa gbe "Gbì!"