Bí Ẹ Ṣe Lè Mọ Ohun Tí Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Onítumọ̀ Púpọ̀ Ń Sọ

Ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni ọmọ àbúrò mi jókòó sí, tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ó kan gbólóhùn kan: "Remove the scales before you weigh the fish." Ọmọ ní wọ́n ní kí á gbé ìwọ̀n kúrò kí á tó wọn ẹja. Àbúrò mi bú sẹ́rìn-ín: "Kí la ó wá fi wọ̀n ọ́n?"

"Scales" lè jẹ́ ìwọ̀n, ó sì lè jẹ́ ìpẹ́ ẹja. Ẹ má jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dẹ́rù bà yín. A ń pa ẹran, a ń pa iná, a ń pa owó, a sì ń pa àlọ́. Ta ló gbọ́ "pa àlọ́" tó ń wá òkú kiri?

Ẹ kọ́kọ́ wo àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Bí "account" bá wà nítòsí "bank", báńkì ni. Bí "canoe" bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bèbè odò. Ṣùgbọ́n aládùúgbò a máa tanni o. "Weigh" ló fa ọmọ yẹn lọ sídìí ìwọ̀n.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà jókòó sí. "The scales" jẹ́ orúkọ nǹkan. "To scale the fish" jẹ́ iṣẹ́: kí á ha ìpẹ́ ẹja. "To scale the wall" ńkọ́? Kí á gun ògiri ni.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ohun tí àbúrò mi ṣe láìmọ̀. Ẹ fi ìtumọ̀ Yorùbá rọ́pò ọ̀rọ̀ náà, kí ẹ wò ó bóyá ó ṣeé ṣe lójú ayé. "Ẹ ha ìpẹ́ ẹja kúrò kí ẹ tó wọ̀n ọ́n." Ó wọlé. (Bó bá jẹ́ àrọ̀ ni ẹja náà, a jẹ́ pé ẹni tó kọ ọ́ kò mọ ẹja; àrọ̀ kò ní ìpẹ́.)

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó ṣí ìwé atúmọ̀-èdè. Ẹ má kàn mú ìtumọ̀ kìíní. "n" ni orúkọ, "v" ni ìṣe. Bí wọ́n bá kọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, wọn kì í sábà ṣe ọmọ ìyá. "Scale" ti ìwọ̀n wá láti inú èdè Norse àtijọ́ (èdè àwọn ará àríwá Yúróòpù láyé ìgbà kan), níbi tó ti túmọ̀ sí abọ́. Ti ẹja gba ọ̀nà Faransé wọlé. Ti gígun ògiri sì wá láti inú Látìn, lára ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe àkàsọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ kọ odindi gbólóhùn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà nìkan. Ọmọ àbúrò mi kọ tirẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìpẹ́ epìyà kan sì ṣì lẹ̀ mọ́ ojú ìwé yẹn.