Ọwọ́, ìbọ̀wọ́ àti Jik: bí olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ṣe ń dènà àkóràn ní wọ́ọ̀dù

Olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ló ń wẹ aláìsàn, tó ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tó ń da ìtọ̀ nù, tó sì ń fún ẹni tí kò lè jókòó lóúnjẹ. Bí àkóràn bá máa ti bẹ́ẹ̀dì kan dé èkejì, ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀nà tó yá jù.

Ẹ má dúró de èsì àyẹ̀wò kí ẹ tó ṣọ́ra. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, ènìyàn 20 ló kó o ní Nàìjíríà, 8 sì kú. Òṣìṣẹ́ ìlera ni 11 nínú àwọn 20 náà, ọ̀pọ̀ wọn sì ti kó o kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣe aláìsàn àkọ́kọ́. Ibà Lassa tí wọ́n ń tọ́jú ní Ọ̀wọ̀ náà máa ń jọ ibà lásán níbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀jẹ̀, ìtọ̀, ìgbẹ́, èébì àti omi ojú egbò aláìsàn yòówù, ohun tó lè ranni ni kí ẹ kà á sí.

Ẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fara kan aláìsàn, kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú egbò tàbí rọ́bà ìtọ̀ (èyí tí wọ́n ń kì sí aláìsàn lára kí ìtọ̀ lè máa ṣàn jáde), lẹ́yìn tí omi ara bá kàn yín, lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò lára aláìsàn, àti lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan nǹkan àyíká rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí la máa ń gbàgbé jù: ẹni tó kàn sún tábìlì tàbí tó gbá irin bẹ́ẹ̀dì mú kì í ka ara rẹ̀ sí ẹni tó fọwọ́ kan nǹkan. Sanitáísà gba ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30 títí ọwọ́ fi gbẹ. Ọṣẹ àti omi gba 40 sí 60. Ẹ má gbàgbé àtàǹpàkò, ṣóńṣó ìka àti àárín ìka. Bí omi ẹ̀rọ kò bá yọ, ẹ lo garawa tó ní ẹnu ẹ̀rọ, tàbí kí ẹnìkan máa fi ife da omi sí yín lọ́wọ́. Abọ́ omi kan tí gbogbo ènìyàn ń ki ọwọ́ bọ̀ ń pín àrùn ni, bẹ́ẹ̀ náà ni táwẹ́lì kan ṣoṣo tó so mọ́ ògiri. Sanitáísà kò ṣiṣẹ́ lórí ọwọ́ tó dọ̀tí; bí aláìsàn bá sì ń ṣu omi, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ lò, torí kòkòrò ìgbẹ́ gbuuru kan wà tí sanitáísà kì í pa.

Ìbọ̀wọ́ kò dípò ọwọ́ fífọ̀. Ó lè ní ihò tí ojú kò rí, ìdọ̀tí sì máa ń kan ọwọ́ nígbà tí a bá ń bọ́ ọ. Aláìsàn kan, ìbọ̀wọ́ kan. Ẹ má fi gbé fóònù, ẹ má fi ṣílẹ̀kùn, ẹ má sì fọ̀ ọ́ kí ẹ tún un lò. Láti bọ́ ọ, ẹ di ẹ̀yìn rẹ̀ mú níbi ọrùn ọwọ́, ẹ fà á kí inú rẹ̀ wá síta, ẹ ká a sínú ọwọ́ kejì, kí ẹ wá ki ìka tó wà lófìfo sábẹ́ èkejì, kí ẹ yí ìyẹn bo ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ ọwọ́.

Ibi tí àṣìṣe ti pọ̀ jù ni Jik pípò. Ọ̀pọ̀ Jik ọjà Nàìjíríà jẹ́ 3.5% (ìyẹn agbára oògùn apakòkòrò inú rẹ̀), ṣùgbọ́n bílíìsì mìíràn wà tó jẹ́ 5%, nítorí náà ẹ ka ara ìgò. Ẹ fi agbára tí ẹ fẹ́ pín agbára tó wà lára ìgò, kí ẹ yọ 1 kúrò: iye ife omi tí ẹ ó fi po ife bílíìsì kan nìyẹn. Fún ibi tí ẹ̀jẹ̀ dà sí, 0.5% la ń lò: ife 3.5% kan, ife omi 6. Bí ó bá jẹ́ 5%, ife omi 9. Fún ojú tábìlì àti irin bẹ́ẹ̀dì, 0.1% tó: ife 3.5% kan, ife omi 34. Ife kan náà ni kí ẹ fi wọn méjèèjì. Omi tútù ni kí ẹ lò, ẹ pò ó lójoojúmọ́, kí ẹ sì dé e, torí oòrùn àti àkókò ń pa agbára rẹ̀.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá dà sílẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti épírọ́ọ̀nù, ẹ fi tíṣù fà á, ẹ kó o sínú ọ̀rá ìdọ̀tí àkóràn, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Ìgbà náà ni Jik tó kàn: kí ojú ibẹ̀ tutù fún ìṣẹ́jú 10. Bí ẹ bá dà á lé ẹ̀jẹ̀ lórí, ẹ̀jẹ̀ náà á jẹ agbára rẹ̀ tán kó tó pa ohunkóhun. Ẹ má da Jik sórí ìtọ̀, ẹ má sì pò ó mọ́ oògùn ìfọ̀fọ̀ mìíràn. Èéfín tó ń jáde léwu fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ẹ má gbọn aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Níbi bẹ́ẹ̀dì gan-an ni kí ẹ ti ká a sínú ọ̀rá. Ọ̀rá tí ìtọ̀ ń ṣàn sí láti inú rọ́bà ìtọ̀ kò gbọ́dọ̀ ga ju àpò-ìtọ̀ inú ara aláìsàn lọ, kò sì gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Jọ́ọ̀gì tí a fi ń gba ìtọ̀, ti aláìsàn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ ni.

Ẹ má dé abẹ́rẹ́ tí a ti lò padà. Ẹ jù ú sínú àpótí rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ àpótí náà bó bá ti kún dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí abẹ́rẹ́ bá gún yín, ẹ má fún ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ jáde. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́, kí ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì àgbà lójú ẹsẹ̀. Oògùn ìdènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì yá ló ń dára jù. Ọjọ́ 28 ni wọ́n fi ń lò ó. Ti hẹpatáítìsì B (àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ti inú ẹ̀jẹ̀ ranni) kò ṣeé dúró dè: ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wọ́ọ̀dù, èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà sí àkọ́kọ́.