Bí A Ṣe Ń Bá Àgbẹ̀ Jíròrò Kí Wáyà Iná Ńlá Tó Gba Oko Wọn

Fífa ojú ọ̀nà òpó iná sórí máàpù kò nira. Ẹ yẹra fún ilé ìwé, itẹ́ òkú àti igbó orò, kí ẹ sì rántí pé ilẹ̀ tí wáyà 132kV (kV ni ìwọ̀n agbára iná inú wáyà) ń gbà fẹ̀ tó mítà 30, ti 330kV sì tó mítà 50. Ìwé àyẹ̀wò àyíká tí òfin ọdún 1992 béèrè fún, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ibi ìpàdé ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ a lọ kí Ṣọ̀ún, wọn a ya fọ́tò, wọn a sì gbà pé Ògbómọ̀ṣọ́ ti gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fo ààfin, ṣùgbọ́n oko ní ìjọba ìbílẹ̀ Oríire tàbí Sùúrùlérè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́, ni ẹni tó ni igi kajú wà. Ẹ lọ bá baálẹ̀ abúlé kọ̀ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́, ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí ẹ sì ránṣẹ́ pe Séríkì àwọn Fúlàní tí màlúù wọn ń jẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má kan èèkàn kankan tí ẹ fi ń sàmì sí ojú ọ̀nà wáyà ṣáájú ìpàdé yìí. Ẹni tó bá dédé bá èèkàn àjèjì láàárín ebè rẹ̀ yóò fà á tu, kò sì ní gbọ́ àlàyé mọ́.

Wọn yóò béèrè bóyá iná yóò dé abúlé wọn. Ẹ sọ òótọ́: iná inú wáyà yẹn kò ṣeé fà wọ ilé, àfi kí ibùdó iná kọ́kọ́ sọ ọ́ di 33kV tàbí 11kV, kí tiransifọ́mà abúlé tún dín in kù. Ẹ má ṣèlérí tiransifọ́mà tí ẹ kò ní.

Owó gbà-má-bínú ló gba sùúrù jù. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ọdún 1978, ohun tó wà lórí ilẹ̀, bí igi, irè oko àti ilé, ni a ń san owó rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kọ orúkọ olórí ẹbí onílẹ̀ nìkan, nígbà tó jẹ́ pé àgbàtọ́rọ̀ ló gbin máńgòrò, tí ìyàwó rẹ̀ sì ni ẹ̀gẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ọ̀dà pupa ni mo fi ń kọ nọ́ńbà sára igi, nítorí òjò a máa fọ ṣọ́ọ̀kì dànù. Àgékù aṣọ pupa tó ẹni tí kò rówó ọ̀dà. Olóko ni kí ó dúró ti igi rẹ̀ nínú fọ́tò, kí a ka ọ̀dọ́ igi lọ́tọ̀, kí ó sì gba ẹ̀dà ìwé tirẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.

Lẹ́yìn náà, ẹ ka gbogbo orúkọ sókè níwájú ilé baálẹ̀, kí ẹni tí a gbàgbé lè sọ̀rọ̀, kí ẹ tó mú èèkàn jáde.