Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Nídìí Ewì Apanilẹ́rìn-ín Ọsirélíà

Ẹni tó bá ṣí ewì Ọsirélíà, tó wá ń wá kangarú àti ẹlẹ́ṣin kiri inú rẹ̀, ti ṣìnà láti ẹnu ọ̀nà. Lóòótọ́, ewì àwọn darandaran lókìkí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìlú ńlá àti àwọn àdúgbò tó yí i ká ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn náà ń gbé: ilé kan, ọgbà kan, koríko tí bàbá ilé gbọ́dọ̀ gé kí aládùúgbò má bàa máa wò ó níwòkuwò. Ibẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ wà.

Ẹ má fojú fo àwọn ohun èlò ẹ̀yìnkùlé bí ẹni pé akéwì kàn fi wọ́n dí àlàfo. Hills Hoist tí ẹ máa ń rí yẹn, òpó irin ìsáṣọ ni: apá mẹ́rin lókè, okùn láàárín wọn, atẹ́gùn á sì máa yí gbogbo rẹ̀ po pẹ̀lú pátá bàbá lórí rẹ̀. Lance Hill ló bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ ní Adelaide ní 1945. Victa ní tirẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ni, Sydney ló ti jáde ní 1952. Bí wọ́n bá sì ń làágùn nídìí oúnjẹ Kérésìmesì, akéwì ò ṣìṣe. Ìgbà ooru ni Oṣù Kejìlá lọ́hùn-ún.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni kí èèyàn rò pé ẹ̀gàn ni gbogbo ẹ̀rín. Akéwì Bruce Dawe ti ṣe lébìrà rí, ó ti pín lẹ́tà kiri, kì í ṣe àlejò tó wá yọ ṣùtì. Ó pe ewì rẹ̀ kan ní "Homo Suburbiensis", ìyẹn èèyàn àdúgbò etí ìlú, bí ìgbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ń sọ ẹranko lórúkọ. Ẹni tó bá dúró síbi àkọlé á ní èébú dé. Ẹ wọlé ná. Ọkùnrin kan ló dá dúró láàárín ẹ̀fọ́ rẹ̀ nírọ̀lẹ́; ó ń gbóòórùn pàǹtí tí ẹnìkan ń sun, ó ń gbọ́ ajá, ó ń gbọ́ ọmọdé, òun náà sì gbé ìfẹ́, ìrora, ogun àti ikú wá síbẹ̀. Ta ló tún fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Nínú "Life-Cycle", ewì rẹ̀ mìíràn, aṣọ aláwọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n fi ń wé ọmọ tuntun ní ìpínlẹ̀ Victoria. Ewì náà ń bọlá fún àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù yìí, ó sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn kan tún ń yára rẹ́rìn-ín jù. Nínú "Suburban Sonnet", ewì Gwen Harwood, ìyá ọlọ́mọ ń tẹ dùùrù, ohun tó wà lórí iná ń hó dànù, eku kú sínú pàkúté. Ó ti tẹ dùùrù rí fún Rubinstein, gbajúmọ̀ atẹdùùrù, ọkùnrin náà sì yán. Bébà tó fi wé òkú eku ń kọ́ni bí a ṣe ń fi búrẹ́dì tó ti gbó se oúnjẹ aládùn. Ẹ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣí ojú ewé.

Ní ti akéwì C. J. Dennis, tó gbé Bill ọmọ ìgboro Melbourne jáde ní 1915, ẹ má bá a tún sípẹ́lì ṣe, ẹ má sì kà á sínú. Bí Bill ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ló ṣe kọ ọ́. Ẹ pariwo rẹ̀, pàápàá ibi tí òun àti Doreen olólùfẹ́ rẹ̀ ti lọ wo Romeo àti Juliet, eré Shakespeare: Bill ka ìjà orí ìtàgé sí ìjà ìgboro, ó ń gba oníjà níyànjú pé kó fi bàtà ta ọ̀tá rẹ̀ nípàá. Juliet sì ń kú lọ, ọmọ kan lókè ń polówó ẹ̀pà àti súìtì.